Kí Ẹ Tó Ra Àga Oníkẹ̀kẹ́ Oníná fún Màmá

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ níbi àjọyọ̀ àyájọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn obìnrin ọjà, Akóbọ̀, Ìbàdàn)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àga oníkẹ̀kẹ́ tó ń fi bátìrì rìn, nítorí pé láàárín ọdún kan, èèyàn mẹ́ta ló ti wá yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ nítorí ẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́.

Kẹ̀kẹ́ arọ ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Èmi ò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Màmá mi ta ẹlùbọ́ fún ọgbọ̀n ọdún kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú wọn lápá òsì. Wọn kì í ṣe arọ o, ọjà ni wọ́n fẹ́ padà sí.

Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi èyí tí wọ́n ń pè ní skútà ránṣẹ́. Ó ní ọwọ́ ìdarí bíi ti ọ̀kadà, ó ń dán gbinrin. Inú wa dùn, a ya fọ́tò. Àfi ìgbà tí Màmá gun orí rẹ̀. Skútà ń fẹ́ kéèyàn fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kó lè jókòó dáadáa fúnra rẹ̀, kó sì lè dìde gun orí rẹ̀. Ẹni tó ṣì ń rìn díẹ̀, àmọ́ tí orúnkún tàbí èémí kò jẹ́ kó rìn jìnnà, ló wà fún. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni Màmá ní. Àga oníkẹ̀kẹ́ oníná gan-an ló bá irú wọn mu, èyí tó ní ọ̀pá kékeré kan níbi ìgbápálé. Ọwọ́ kan tó láti darí rẹ̀, wọ́n sì lè gbé ọ̀pá náà sí ọ̀tún tàbí òsì. Skútà tún gùn, kò lè yí nínú kọ́rídọ̀ wa. Abẹ́ tapólì ló wà títí dòní.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mú ẹni tó fẹ́ lò ó lọ bá àwọn fisíò. Wọ́n wà ní UCH níbí. Wọ́n á wọn ìdí rẹ̀, wọ́n á wọn itan rẹ̀. Àga tó bá fẹ̀ jù á jẹ́ kó máa wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èyí tó bá há á máa ha á lára. Ẹni tó ń jókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lórí tìmùtìmù burúkú, egbò á dá sí i ní ìdí. Mo ti rí irú egbò yẹn rí, kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré.

Ẹ wá mú tépù télọ̀. Ọ̀pọ̀ àga yìí fẹ̀ tó íǹsì 24 sí 26. Ẹ wọn ilẹ̀kùn yàrá, ẹ wọn ti ilé ìwẹ̀, torí ibẹ̀ ló sábà máa ń há jù. Ẹ sì wo ojú ọ̀nà. Ẹni tó bá ti rìn láti Ojúurin wọ àdúgbò lẹ́yìn òjò mọ̀ pé táyà pínnísín ò lè débẹ̀.

Bátìrì ni owó ń bá lọ. Púpọ̀ nínú wọn ń lo méjì, fóltì 12 ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n so pọ̀ di 24. Ẹ má jẹ́ kí rewáyà fi bátìrì mọ́tò sí i o! Ti mọ́tò wà fún kí ẹ́ńjìnnì lè ta. Tí ẹ bá ń lò ó tán pátápátá lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ kú, ásíìdì rẹ̀ sì lè dà síni lára. Èyí tó dé pa, irú tí ọ̀pọ̀ yín ń lò fún ínfátà, ló sún mọ́ ọn. Tòkúnbọ̀ tó ti pẹ́ nínú kọ̀nténà láìgba iná, bátìrì rẹ̀ lè ti kú. Ẹ yọ owó bátìrì kúrò nígbà tí ẹ bá ń ná an. Ẹ ka ara ṣájà náà. Tó bá wá láti Amẹ́ríkà, tó jẹ́ 120 nìkan ni wọ́n kọ sí i, iná tiwa á jó o. Èyí tí wọ́n kọ 100–240 sí kò ní wàhálà. Ẹ tún béèrè ibi tí wọ́n ti ń tú mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ kó lè ṣeé tì, torí àwọn míì wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì méjì lọ. Bí bátìrì bá kú ní General Gas, ta ló fẹ́ gbé e?

Kò sì pọn dandan kó jẹ́ oníná fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lágbára. Ní Jos, Ayuba Gufwan, tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú ní kékeré, dá ibi iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ti ń fi irin ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń fi ọwọ́ wà. Tí táyà irú rẹ̀ bá lù, fọganáísà àdúgbò lè lẹ̀ ẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ni mo ní in fún. Ní January 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó ní kí ilé tí gbogbo ará ìlú ń lò ṣeé wọ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fún àwọn onílé láti tún un ṣe, ó sì ti pé ní 2024. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà lẹ́nu gbọ̀ngàn yìí, íǹsì mẹ́fà-mẹ́fà ni mo wọ̀n wọ́n. Ìlànà ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni pé tó bá ga ní íǹsì kan, kó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹsẹ̀ bàtà 18 nìyẹn. Mo ti mú bíríkìlà wá wò ó, iye tó pè wà nínú ìwé tí mo fún akọ̀wé.

Màmá ti rí àga tó bá wọn mu. Ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n láti ọjọ́ tí a ti dá a sílẹ̀. Wọ́n wà níta báyìí, lábẹ́ kánópì, lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ mi.