Ẹ Má Bẹ̀rù Abẹ́rẹ́ Tí Wọ́n Fi Ń Yẹ Kókó Ọmọdé Wò
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ ẹgbẹ́ wa ní Àgídìngbì)

Olóòtú ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ náà sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ kò jẹ́ kí ẹ tètè dé. Ẹ̀yin tí ẹ tètè dé náà, mo rí i pé ìrẹsì lẹ ń wò nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ bá wa kà á.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe, n kì í ṣe dókítà. Ohun tó mú mi wádìí ọ̀rọ̀ yìí ni ọmọ aládùúgbò mi kan, ọmọkùnrin ọdún márùn-ún, ní Àgídìngbì níhìn-ín, lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wọ̀nyẹn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Wọ́n ní ṣegede ni, wọ́n fi aró kùn ún. Nígbà tó yá wọ́n ní eyín ni, wọ́n yọ eyín méjì. Wíwú ò dúró. Ìgbà tí wọ́n wá dé ọ̀dọ̀ dókítà tó mọ̀ ọ́n, tí ìyẹn ní òun fẹ́ fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ lára kókó náà kí òun fi yẹ̀ ẹ́ wò, ìyá ọmọ pọn ọmọ rẹ̀, ó di ilé. Ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà: "Bọ̀dá, ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń kọ̀wé. Wọ́n ní bí irin bá kan nǹkan yìí, ṣe ló máa tú ká gbogbo ara." Mo ní, "Àǹtí, ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ó ní gbogbo ènìyàn.

Gbogbo ènìyàn yẹn ni mo wá bá wí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Abẹ́rẹ́ náà kò nípọn ju èyí tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ lápá lọ. Dókítà á fi sípíríìtì nu ojú ara, á fi ìka méjì di kókó mú, á ti abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, á tì í síwá-sẹ́yìn díẹ̀, á sì yọ ọ́. Ohun tó bá wà nínú abẹ́rẹ́, tí kò tó ẹ̀kán omi kan, ni wọ́n máa tẹ́ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, wọ́n á pa á láró, wọ́n á gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù. Wọn ò la ọmọ, wọn ò rán an. Níbi tí ẹni tó mọ̀ ọ́n wò bá wà nítòsí, èsì lè jáde lọ́jọ́ kan náà. Bí èyí kò bá tó, abẹ́rẹ́ mìíràn wà tó nípọn jù ú lọ, tó ń gé ẹran jáde bí òwú. Wọ́n á ti fi oògùn pa ojú ibẹ̀ kú kí wọ́n tó lo ìyẹn.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń kánjú? Jẹjẹrẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Burkitt. Orúkọ Denis Burkitt ni wọ́n fi pè é, oníṣẹ́-abẹ tó rí i lẹ́rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé ní Kampala, ní Uganda, ní 1957, tó sì kọ ọ́ jáde ní 1958. Ibi tí ibà bá ti pọ̀ ló ti wọ́pọ̀, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ní UCH Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti dá ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ sílẹ̀ ní 1962, òun ló ṣíwájú lára jẹjẹrẹ ọmọdé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó lè di ìlọ́po méjì láàárín wákàtí 24 sí 48. Ọjọ́ méjì péré o! Ẹni tó ní òun á kọ́kọ́ fi àgbo gbìyànjú fún oṣù kan, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, irú yìí kan náà ló ń tètè gbọ́ oògùn. Nígbà mìíràn, kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà ní láti mọ irú kókó tó jẹ́ ná, torí oògùn tó ń wo èyí lè má wo tọ̀hún.

Ti pé abẹ́rẹ́ ń tú u ká ńkọ́? Pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tín-ín-rín yìí, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi. N kò ní parọ́ fún yín, ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ti jọ òótọ́. Jẹjẹrẹ inú ẹyinjú ọmọdé, wọn kì í gún un lábẹ́rẹ́, torí ó lè tàn. Iná ni wọ́n fi ń wo inú ojú, wọ́n á sì ya àwòrán rẹ̀. Ti inú kíndìnrín náà, wọ́n á rò ó dáadáa kí wọ́n tó gún un. Dókítà mọ ìyàtọ̀ yìí, "gbogbo ènìyàn" ni kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí àwọn ènìyàn rí ni pé wọ́n gún ọmọ kan lábẹ́rẹ́, ọmọ sì kú. Wọn ò ka oṣù mẹ́ta tí ọmọ ti lò nílé kó tó débẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí: bí èsì bá ní kò sí nǹkan, tí kókó ṣì ń wú, ẹ padà lọ. Abẹ́rẹ́ lè tàsé.

Ọmọ yẹn ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi bẹ ìyá rẹ̀ kó tó padà. Burkitt náà ni. Ó gba oògùn, ó yè, ó ti wà ní kíláàsì kẹta báyìí. Ṣùgbọ́n kókó ti ti ojú ọ̀tún rẹ̀ síta kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ojú náà kò sì ríran mọ́.

Lẹ́yìn ẹ̀rù, owó ni ìyá yẹn ń wá kiri. LASUTH kò jìnnà sí wa ní Ìkẹjà, LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, ṣùgbọ́n inú àpò òbí ni owó àyẹ̀wò ti sábà máa ń jáde. Mo dábàá pé kí ẹgbẹ́ yọ díẹ̀ nínú owó aṣọ ẹbí ọdún tó ń bọ̀, kó máa fi san owó àyẹ̀wò fún àwọn ọmọ àdúgbò tí apá òbí wọn kò ká a. Akápò wà níjokòó nígbà tí mo sọ ọ́, ó sì rẹ́rìn-ín. Mo ti kọ lẹ́tà sí i.