ÀÀJÀ PUPA INÚ JUPITER



Gbogbo wa ni a mọ Àgùàlà, tí í máa bá òṣùpá rìn. Ṣùgbọ́n Àgùàlà kì í jìnnà sí oòrùn, nítorí náà a kì í bá a lókè orí ní ọ̀gànjọ́ òru. Bí ènìyàn bá dúró lórí òkè Màpó ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, tí ó rí ìràwọ̀ funfun ńlá kan tí kì í ṣẹ́jú, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ Jupiter. Ayé kan ni, tí ń yí oòrùn po bí tiwa. A lè to irú ayé wa yìí mọ́kànlá sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní ìbú rẹ̀.

Awò-ọ̀nà-jíjìn kékeré pàápàá yóò fi hàn pé àwọsánmà bò ó yíká, ní ilà-ilà bí aṣọ òkè. Ní ìhà gúúsù rẹ̀ ni àmì pupa kan wà, tí ó rí bí ẹyin. Ààjà ni. Ààjà tiwa a gbé ewé, a sì rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n Schwabe ará Jámánì, ẹni tí ó ti ṣe apòògùn rí, ti ya àwòrán ibi tí èyí wà ní 1831, a kò sì tí ì dẹ́kun àti máa ṣọ́ ọ láti 1878.

Ní ìgbà náà, ó fẹ̀ tó nǹkan bí 40,000 kìlómítà. Lónìí kò pé 17,000. Báwo ni a ṣe mọ̀ pé ó ń súnkì? Nítorí pé àwọn ènìyàn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ wọn lọ́sàn-án, ń ya ohun tí wọ́n rí lóru, wọ́n sì ń kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i.

Ní 1911 ni I. B. Akínyẹlé, ẹni tí ó jẹ Olúbàdàn ní 1955, tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde. Bí kò bá kọ ọ́, púpọ̀ nínú ohun tí àwọn àgbà mọ̀ ìbá ti bá wọn wọ ilẹ̀. Àwọn baba wa wo ojú ọ̀run pẹ̀lú. Ta ni ó kọ tiwọn sílẹ̀?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún mìíràn wà tí Jupiter kì í gòkè tó. Níhìn-ín a máa gòkè púpọ̀ lọ́dọọdún. Ọyẹ́ àti òjò nìkan ní í dí wa lọ́wọ́. Nítorí náà mo bẹ̀ yín: ẹ jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlú yìí ní awò kan, ìwé kan àti lẹ́ẹ̀dì kan, kí àwọn ọmọ wa sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́.