Oúnjẹ Ọpọlọ àti Àìsàn tí ó Jọ Wèrè



Ìbéèrè kan ni mo gbé wá: báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé àìsàn tí ó jọ wèrè kì í ṣe wèrè?

Ní ọdún 2007, Josep Dalmau àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania ṣàlàyé àìsàn kan tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́bìnrin. Aláìsàn a máa sọ ìsọkúsọ, gìrì a sì máa gbé e. Èròjà ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó bá àrùn jà ni ó dojú ìjà kọ ọpọlọ. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà.

Àwòrán MRI ń fi bí ọpọlọ ti rí hàn. Lára ọ̀pọ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, kì í rí àbùkù kankan. PET ń fi bí ọpọlọ ti ń ṣiṣẹ́ hàn. Ṣúgà ni oúnjẹ ọpọlọ. A ó fi abẹ́rẹ́ fa ṣúgà tí a fi fluorine-18 sàmì sí sínú iṣan, ẹ̀rọ yóò sì tọpa rẹ̀. Yunifásítì kan náà ni a ti kọ́kọ́ lò ó fún ènìyàn, ní 1976. Nínú àìsàn tí mo wí yìí, ẹ̀yìn ọpọlọ, ibùjókòó ìríran, sábà máa ń jẹ ṣúgà díẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.

Àwòrán yìí nìkan kò tó. Àyẹ̀wò omi inú eegun ẹ̀yìn ni ó ń fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n èsì rẹ̀ lè pẹ́, ìtọ́jú tí ó tètè bẹ̀rẹ̀ ni ó sì ń ṣe aláìsàn lóore jù. Kí a tó de ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀ bí wèrè, ẹ jẹ́ kí a bèèrè bí ọpọlọ rẹ̀ ti ń jẹun.