Ẹ Jẹ́ Kí Omi Ríbi Gbà Nínú Àgbàlá

Ẹ̀yin ará wa ní Ìbàdàn, bí ẹ ti ń múra àtipadà sílé, a ní ọ̀rọ̀ kan láti bá yín sọ kí ẹ tó pe bíríkìlà: ẹ má fi kọnkéré bo gbogbo àgbàlá yín.

Kọnkéré kì í mu omi. Òjò tó bá rọ̀ sórí rẹ̀ á di àgbàrá, á wọ́ lọ sílé yín tàbí sílé aládùúgbò. A kò tíì gbàgbé omíyalé Ògùnpa ọdún 1980, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbàgbé ti 2011. Àgbàlá kan kò lè dá odò dúró, ṣùgbọ́n ó lè fa òjò tirẹ̀ mu.

Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù rẹ́sìn pò pọ̀ máa ń ní àlàfo tí omi ń gbà wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sórí kọnkéré àtijọ́, omi kò ríbi lọ. Ẹ ní kí wọ́n hú ti àtijọ́, kí wọ́n da gíráńáìtì tí a ti yọ eruku rẹ̀ sísàlẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ da gọ́ọ̀mù sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ́n òkúta lé e, ẹ má gbà. Ìyẹn kì í jẹ́ kí omi kọjá.

Bí owó kò bá tó, gíráńáìtì lásán tí a fi búlọ́ọ̀kù sé létí náà ń jẹ́ kí omi wọlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ dà kúrò lára ògiri, kí ẹ sì máa gbá iyanrìn kúrò lójú rẹ̀ kó má baà dí.

Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó. Onílé ni kò ní gbà fún un.