Orúnkún Wa Lórí Pápá: Ọ̀rọ̀ Alukoro Ẹgbẹ́ Níbi Ayẹyẹ Ọdún Kẹwàá



Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, a ṣì lè sáré. Nísinsìnyí, láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀yìn tábìlì àti inú mọ́tò la ń jókòó sí. Tó bá di Sátidé, a ó kàn wọ bàtà bọ́ọ̀lù, a ó máa lé ọmọ ogún ọdún kiri. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ báńkì mọ ibi tí ẹni tó ń gbowó jáde láìfi kọ́bọ̀ sí i ń lọ.

Gbogbo wa rántí ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wa yí padà lójijì lórí pápá. Ẹnikẹ́ni kò kàn án. A gbọ́ "pọ́ọ̀", ó ṣubú, orúnkún rẹ̀ sì wú kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwa fúnra wa la ṣàṣìṣe: a fi omi gbígbóná jó o, a fi ìpara gbígbóná ra á, a tún gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó fà á títí ó fi ké. Iṣan tó so egungun itan mọ́ egungun ojúgun ló ti já. X-ray kò fi í hàn, torí egungun ló ń yà. MRI ló fi í hàn.

Egungun rírọ̀ tó dà bíi tìmùtìmù láàárín egungun méjèèjì náà lè ya. Ìyẹn sábà máa ń rọra wú di ọjọ́ kejì, orúnkún sì lè há, kó má ṣe é nà tán.

Ẹ dá eré dúró. Ẹ fi aṣọ wé omi dídì lé e fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ fi báńdéèjì dì í, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè. Kò sí ooru, kò sí fífà. Lẹ́yìn náà, ọsibítù ló kù: General Hospital wà ní Igando níbí, Igbobi náà ò jìnnà. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń fẹ́ iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá tún iṣan rẹ̀ ṣe, kó má ronú bọ́ọ̀lù kí oṣù mẹ́sàn-án tó pé. Victor Boniface, ọmọ Àkúrẹ́, já iṣan yìí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ líìgì Jámánì pẹ̀lú Bayer Leverkusen ní 2024. Sùúrù ló ní.

Èyí tó wú wa lórí jù, Èkó níbí ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn onímọ̀ fisiotẹ́rápì kó ẹgbẹ́ 20 jọ nínú Lagos Junior League, ọ̀dọ́kùnrin 416. Apá kan ń fi FIFA 11+ mú ara gbóná, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́fà. Apá kejì ń ṣe bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014 fi hàn pé ìfarapa ẹsẹ̀ fi ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é. Ogún ìṣẹ́jú péré ni: sísáré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, lílóṣòó dìde, dídúró lórí ẹsẹ̀ kan, fífò kí orúnkún má wọ inú nígbà tí a bá ń balẹ̀. Ọmọdé làwọn yẹn o. Tiwa ti gbó jù bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, láti Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́fà ààbọ̀ la ó máa pàdé, kì í ṣe aago méje mọ́. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ìmúragbóná, àga wà fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, àti omi tútù.