Kí Ni Ká Rà fún Onítọ́jú Ọ̀rọ̀ Sísọ Tuntun?

(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ìlú wa kan sọ níbi ìpàdé gbogbogbò)

 

Ẹ ti gbọ́ pé onítọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, àwọn tí òyìnbó ń pè ní speech therapist, máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ní sáà tó ń bọ̀. Mo rí i lórí group wa pé àwọn kan fẹ́ ra tablet, àwọn kan sì fẹ́ fi páálí àwòrán ránṣẹ́ láti London. Ẹ ṣeun. Àmọ́ iṣẹ́ tí èmi náà ń ṣe nìyí, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí.

Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, páálí àwòrán òkèèrè ni wọ́n fún mi. Mo gbé e síwájú ọmọkùnrin ọdún 6 kan. Yìnyín tí kò rí rí, èso tí kò jẹ rí. Kò sọ nǹkan kan. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò lè dárúkọ nǹkan. Nígbà tí ìyá àgbà rẹ̀ wá mú un, ó yọ àgbàdo sísun nínú báàgì. Háà! Ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ ìròyìn: ẹni tó gbìn ín, ẹyẹ tó ń ṣà á jẹ, bí òun ṣe lé e. Èmi ni mo ṣàṣìṣe, kì í ṣe ọmọ.

Nítorí náà, ohun tó nílò nìyí.

Èkíní, ẹ jẹ́ ká ti etí bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí kò gbọ́rọ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ sísọ á ṣòro fún un. Ẹ ya owó ọkọ̀ sọ́tọ̀ kí wọ́n lè gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ etí wò, irú bíi UCH n'Ìbàdàn.

Èkejì, yàrá tó dákẹ́. Kì í ṣe abẹ́ igi máńgòrò, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń lọ ata. Kó ní tábìlì, àga kékeré, àti kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́, torí ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ohun tí gbogbo ayé ń kà.

Ẹ̀kẹta, dígí ńlá. Tí ọmọ bá fẹ́ pe "bàtà", á rí i pé ètè méjèèjì pàdé. Tó bá fẹ́ pe "fìlà", eyín òkè á kan ètè ìsàlẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, àwòrán tiwa. Fóònù yín ti tó. Ẹ ya ọkọ́, ọkọ̀, igbá, àdá, àgbọn. Ohùn mẹ́ta lèdè wa ní. Ọmọ tó ń pe ọkọ́ àti ọkọ̀ bákan náà, páálí òkèèrè kò lè ràn án lọ́wọ́. Ọmọ tó sì pe "zoo" ní "súù" kò ní àìsàn kankan. Èdè wa ni kò ní z.

Ẹ̀karùn-ún, ìwé àkọsílẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀lù, ọmọláńgidi, ọṣẹ láti fi fọ̀ wọ́n, àti ọpọ́n ayò fún àwọn tó dàgbà díẹ̀. Nídìí ayò, o ta, èmi náà ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ sísọ.

Ti akólòlò ńkọ́? Sùúrù wa ló nílò jù. Ẹ má bá a parí ọ̀rọ̀. Ẹ wojú rẹ̀, kó parí ẹ̀ fúnra rẹ̀. Kẹ́nikẹ́ni má sì pè é ní olódo mọ́.

Àbá mi rèé: ẹ jẹ́ ká dá owó tablet dúró, ká fi ṣe yàrá àti owó ọkọ̀. Onítọ́jú yìí kì í ṣe ọmọ ìlú wa. Kó má lọ ka ẹ̀ka-èdè wa sí àṣìṣe ọmọ. Torí náà, kí oníkálukú fi àwòrán ohun kan tó wà nílé rẹ̀ sórí group lọ́sẹ̀ yìí, kó sì fi ohùn ara rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ bí a ṣe ń pè é nílùú wa gan-an.

 Ìlú wa á máa gòkè.