Bí A Ṣe Ń Kó Ẹja Àrọ̀ Jáde Nínú Táńkì Ilé Láì Pa Á Lára

Ẹni tó bá ń sin ẹja ló mọ ohun tí àpò oúnjẹ kan ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kan gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja àrọ̀ sẹ́yìnkùlé, ìbáà ṣe nínú táńkì tí a fi búlọ́ọ̀kù mọ, ìbáà ṣe nínú táńkì oníke tàbí ti tapólì. Báwo la ṣe ń kó ẹja náà jáde, yálà láti ṣa ńlá kúrò lára kékeré tàbí láti tà á láàyè, tí kò fi ní kú mọ́ wa lọ́wọ́?

Ẹlòmíràn lè sọ pé ta ni kò mọ ẹja mú. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń rí lẹ́nu iṣẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ ẹja kì í kú lọ́jọ́ tí wọ́n mú un. Ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta ni yóò léfòó. Olówó rẹ̀ á wá máa sọ pé oúnjẹ tí òun rà ni kò dára, tàbí pé aládùúgbò kan ti da nǹkan sómi. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí a ṣà á ni nǹkan ti bàjẹ́. Ẹja tí ẹ fi oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà bọ́ títí tó fi wọn kílò kan, bí ó bá kú lójú yín kí oníbàárà tó dé, yíyan ló kù tí a lè yan án, owó rẹ̀ kò sì ní jẹ́ ti ẹja alààyè mọ́. Èyí tó bá wá kú mọ́jú, tí a kò mọ wákàtí tó ti kú, kò yẹ ní jíjẹ rárá. Ilẹ̀ la ń gbẹ́ sin ín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ohun tí à ń mú. Àrọ̀ kò ní ìpẹ́. Ohun yíyọ̀ tó bo ara rẹ̀, tí àwọn ìyá wa máa ń fi eérú tàbí iyọ̀ bó kúrò kí wọ́n tó sè é, òun gan-an ni aṣọ rẹ̀. Ibi tí aṣọ yìí bá ti ya ni àrùn ń gbà wọlé, tí ẹ ó fi rí ohun funfun bí òwú lójú egbò. Ẹ̀wẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tó ń mí nínú omi, àrọ̀ tún ń mí afẹ́fẹ́ òkè. Ẹ̀yà ara kan wà lórí rẹ̀ tó ń lò fún ìyẹn, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i tó ń yọrí sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí ni kì í jẹ́ kí ó tètè kú lórí ilẹ̀, òun náà ló sì jẹ́ kí àwọn kan máa jù ú bí ẹni ń ju iṣu. Bí kò bá kú lójú ẹsẹ̀, ìyẹn kò sọ pé kò fara pa. Epìyà kò tilẹ̀ lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sin ín pọ̀ mọ́ àrọ̀, epìyà ni kí ẹ kọ́kọ́ kó kúrò.

Láti ọjọ́ tó ṣáájú ni iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe fún ẹja lóúnjẹ fún odidi wákàtí 24 kí ẹ tó kó o. Ẹja tó yó kì í lè fara da wàhálà; á bì sínú báàfù, á yàgbẹ́ síbẹ̀, omi náà á sì bàjẹ́ mọ́ gbogbo wọn lára. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń mọ̀ọ́mọ̀ fún ẹja lóúnjẹ láàárọ̀ ọjọ́ títà kí ó lè wúwo lórí òṣùwọ̀n. Oníbàárà tí ẹja bá kú sí lọ́wọ́ lójú ọ̀nà ọjà kò ní padà wá sọ́dọ̀ yín, á sì sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ jí ṣe é láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú. Kí báàfù ti wà nílẹ̀ lábẹ́ ibòji, kí omi táńkì yẹn gan-an sì ti wà nínú rẹ̀ dé ìdajì, kí ẹnikẹ́ni tó bọ́ sínú omi. Ohun tí yóò bo ojú báàfù náà ńkọ́? Ẹ wá àwọ̀n kan síbẹ̀, nítorí àrọ̀ mọ fífò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò ní sáré sọ. Bí ẹ bá ń fi ẹ̀rọ oníná fa omi inú táńkì, ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì yọ wáyà rẹ̀ kúrò níbi tí iná ti ń wá, kí ẹnikẹ́ni tó ti ẹsẹ̀ bọ omi. Ẹ má sọ pé wọ́n ti mú iná lọ. Wọ́n lè dá a padà nígbà tí ọmọ yín wà nínú omi dé orúnkún. Wáyà tó ti bó tàbí tí a fi rọ́bà wé kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀ rárá.

Ó wá kan omi. Ohun tó ń pa ẹja jù ni kí a máa lé e kiri nínú omi tó kún. Ènìyàn mẹ́ta á wọnú táńkì, wọn á máa ju àwọ̀n síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹja á máa sá, á máa forí gbá ògiri, títí gbogbo wọn á fi rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí omi lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó kù dé ìdajì ojúgun. Ẹ fi àwọ̀n dí ẹnu páìpù tó ń gbé omi jáde, kí àwọn kékeré má bàá bá omi lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fà á gbẹ. Bí omi bá tán, ẹja á gun orí ara wọn, wọn á sì máa fi ikùn họ kọnkéré.

Nígbà náà ni kí ènìyàn méjì fa àwọ̀n láti ìpẹ̀kun kan táńkì lọ sí ìkejì, kí ìsàlẹ̀ àwọ̀n máa wọ́ ilẹ̀, kí wọ́n rọra máa rìn. Àwọ̀n tí kò ní kókó ló dára, nítorí kókó a máa họ awọ ẹja. Bí ẹja bá ti kóra jọ sí igun kan, ẹ má gbé gbogbo wọn sókè lẹ́ẹ̀kan náà; àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni ìwúwo àwọn tòkè yóò tẹ̀. Abọ́ ike ni kí ẹ fi máa bù wọ́n díẹ̀díẹ̀, tòun ti omi. Apẹ̀rẹ̀ tí etí rẹ̀ ti ya kò dára fún iṣẹ́ yìí.

Bí ẹ bá máa fọwọ́ mú un, ẹ fi omi tútù rin ọwọ́ yín ná. Ẹ̀yìn orí la ti ń dì í mú, kí ìka wà lẹ́yìn ẹ̀gún méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má fà á nírù, ẹ má sì ti ìka bọ ibi tó fi ń mí. Bí ẹ̀gún rẹ̀ bá há sínú àwọ̀n, ẹ fi àlùmọ́gàjí gé ojú àwọ̀n yẹn. Ojú àwọ̀n kan kò tó ẹja kan lówó. Bí ẹ̀gún bá gún yín lọ́wọ́, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn bí ó bá jìn tàbí tó ń wú, kí wọ́n fún yín ní abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn ipá. Omi táńkì kì í ṣe omi mímọ́.

Ní ti ṣíṣà, ẹ mọ̀ pé àrọ̀ ńlá a máa gbé àrọ̀ kékeré mì. Bí ẹ bá ti da ọmọ ẹja sómi, kí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta má kọjá kí ẹ tó ṣà á nígbà àkọ́kọ́, nítorí ìgbà tí wọ́n kéré gan-an ni wọ́n ń jẹ ara wọn jù. Ẹja tó kù díẹ̀díẹ̀ láìsí òkú tó léfòó, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Kì í ṣe olè ni.

Bí ó bá wá jẹ́ pé àlejò dé, tí ẹ kàn fẹ́ mú ẹyọ kan tàbí méjì fún ọbẹ̀ ńkọ́? Kò yẹ kí ẹ tìtorí ẹyọ kan da gbogbo táńkì rú. Ẹ tẹ́ àwọ̀n kékeré sílẹ̀ nínú omi láti àárọ̀, kí ẹ máa da oúnjẹ sí orí rẹ̀. Ẹja á mọ́ ọn lára. Bí ẹ bá gbé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ sókè lásìkò oúnjẹ, ẹ ó rí èyí tí ẹ fẹ́. Ìgèrè tí àwọn bàbá wa ń lò náà wúlò, nítorí òru ni àrọ̀ ń rìn jù. Àmọ́ kí orí ìgèrè yọ sókè omi díẹ̀, kí ẹja tó wọ inú rẹ̀ lè rí afẹ́fẹ́ gbé mì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín láti da gamalin tàbí oògùn apakòkòrò kankan sómi. Oògùn tó pa ẹja kò ní kúrò lára ẹja náà nítorí pé a sè é.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo mọ̀ pé ẹ máa ń dáwó ra àwọ̀n ńlá kan tí gbogbo yín ń lò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ní Eriwe, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kó adágún ẹja wọn jọ síbì kan ni. Ṣùgbọ́n àwọ̀n tó kúrò nínú omi Lágbájá lówùúrọ̀, tó wọnú omi Tàmẹ̀dò lọ́sàn-án, lè gbé àrùn dání. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, kí akọ̀wé sì máa kọ ẹni tó lò ó gbẹ̀yìn sínú ìwé.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dá ẹja padà, ẹ rọra jẹ́ kí omi tuntun wọlé. Omi ẹ̀rọ ìjọba tó ní oògùn nínú gbọ́dọ̀ ti wà nínú nǹkan tí a kò dé fún ọjọ́ kan, omi kànga oníná sì gbọ́dọ̀ máa já láti òkè kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Iyọ̀ díẹ̀ máa ń ran ẹja tó fara họ lọ́wọ́: gíráàmù 3 sí lítà omi kan, ìyẹn gíráàmù 60 nínú korobá lítà 20. Ẹ wọ̀n ọ́n o, ìkúnwọ́ oníkálukú yàtọ̀. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, ẹ fọ́n díẹ̀ sí i kí ẹ sì dúró wò ó. Bí wọ́n bá sáré wá jẹ ẹ́, ẹ fi kún un. Bí wọ́n bá fà sẹ́yìn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́.